Èépá Kọ́, Èdídí Ni: Kókó Awọ Tó Ń Yún Àgbàlagbà àti Ohun Tó Ń Sọ nípa Kíndìnrín

Láìpẹ́ yìí, ẹlẹgbẹ́ wa kan kọ ọ́ pé kókó dúdú tó ń yún àgbàlagbà lẹ́sẹ̀, tó ní ihò láàárín, kò ju kúrúnà tí èékánná ti bà jẹ́ lọ. Ó ní kí a fi imí-ọjọ́ pa á. Bí ọ̀rọ̀ náà bá mọ sórí orúkọ nìkan, à bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń kú lọ lábẹ́lẹ̀ lè fi ìpara imí-ọjọ́ ra ẹsẹ̀ fún odidi ọdún kan.

Ìtàn àrùn tó ń fa kókó náà kò gùn. Kyrle, oníṣègùn awọ ní Vienna, ló kọ́kọ́ ròyìn irú rẹ̀ ní 1916, lára obìnrin alátọ̀gbẹ kan. Orúkọ àrùn náà ń pọ̀ sí i, àwọn oníṣègùn ń jà lé wọn lórí, títí Rapini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dábàá ní 1989 pé kí a kó gbogbo èyí tó bá dé lẹ́yìn tí ènìyàn ti dàgbà sábẹ́ orúkọ kan: acquired perforating dermatosis.

Ibi tí ẹlẹgbẹ́ wa ti ṣìnà ni pé kò ya èépá sọ́tọ̀ kúrò lára èdídí. Èépá jókòó sórí egbò: ẹ̀jẹ̀ àti omi ara tó gbẹ ni. Èdídí, ohun tó dí ihò àárín kókó náà, ní gbòǹgbò. Mo fi ẹ̀mú kékeré fa ọ̀kan lójúgun bàbá kan. Ó dúró gírígírí bí ìṣó inú pákó. Nígbà tó jáde, orí rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ihò tó fi sílẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, fọ́nrán kọ́lájìn ni a rí níbẹ̀, tó nàró bí ọwọ̀, tó ń ti awọ ìsàlẹ̀ bọ̀, tó ń gba àárín awọ òkè jáde. Kòkòrò kúrúnà ní tirẹ̀, ìta ló ti ń wọlé, kì í sì í kọjá èèpo awọ òkè. Àárín ìka ló fẹ́ràn, ó sì máa ń ran ará ilé. Ọ̀kan ń wọlé, èkejì ń jáde. Báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ ọ̀kan?

Mo gbà pé híhọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀: kókó tuntun máa ń tò lójú ibi tí èékánná fà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń họra. Lára alátọ̀gbẹ, ó jọ pé ṣúgà ti lẹ̀ mọ́ kọ́lájìn, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ti bàjẹ́, tí híhọ díẹ̀ fi tó láti pa fọ́nrán náà. Láàárín àwọn aláìsàn kíndìnrín tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, iye àwọn tó ní àrùn awọ yìí tí àwọn olùwádìí ń kọ wà láàárín 4 sí 11 nínú 100. A ti bá a pàdé pẹ̀lú àrùn ẹ̀dọ̀, HIV àti àrùn jẹjẹrẹ Hodgkin náà.

A kò sọ pé gbogbo kókó tó ní ihò ló ń pe kíndìnrín. Ó kàn lè bójú mu kí a wo ṣúgà, creatinine (tó ń fi ipò kíndìnrín hàn) àti ìtọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kan ìpara.

Ní Sábó ní Èkó, ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń yà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà kò jìnnà. Sábó yìí ni iṣẹ́ wa tó kàn ń lọ. Láti 2010 ni a ti mọ̀ pé oríṣi àbùdá APOL1 méjì, G1 àti G2, ń fi kún ewu àrùn kíndìnrín, G1 sì wọ́pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá. Ṣé ẹni tó ní G1, tí kò ní àtọ̀gbẹ, máa ń ní èdídí náà? A ti kọ ìwé ìbéèrè sílẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: “Níbo ló ti ń yún yín jù?”