4,294,967,297: Níbi Tí Fermat Ti Kọsẹ̀

Nọ́ńbà 4,294,967,297 kò tó nǹkan lójú kọ̀ǹpútà òde òní. Síbẹ̀, òun ló já Pierre de Fermat kulẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì fi hàn pé kì í ṣe títóbi nìkan ló ń mú nọ́ńbà le. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀ pé nọ́ńbà kan ṣeé pín, ọ̀tọ̀ ni kó mọ ohun tó pín in.

Mú 1, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 32, kí o wá fi 1 kún un: bí a ṣe ń rí i nìyẹn. Ìgbà ìlọ́po yìí lè jẹ́ 1, 2, 4, 8, 16, 32, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1640, Fermat, amòfin ní Toulouse, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun gbà pé gbogbo irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni práìmù, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tí ohunkóhun kò lè pín dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́, 3, 5, 17, 257 àti 65,537, kò jà á níyàn.

Ẹ̀kẹfà ló jà á níyàn. Lọ́dún 1732, onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler kéde pé 641 lọ́nà 6,700,417 ni. Kì í ṣe pé ó ṣèèṣì bá a pàdé. Ó ṣàlàyé nígbà tó yá pé práìmù yòówù tó máa pín nọ́ńbà yìí, bí a bá fi 64 pín in, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ìyẹn gbá ọ̀pọ̀ jù lọ dànù. A dán 193 wò, kò wọ̀ ọ́. 257 kò wọ̀ ọ́. 449 àti 577 náà kọ̀. Ìkarùn-ún ni 641.

Ìdánwò márùn-ún péré! Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé irinṣẹ́ míì wà lọ́wọ́ Fermat fúnra rẹ̀. Mú 3, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, fi nọ́ńbà náà pín èsì, kí o sì ṣe ìyókù bákan náà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí Fermat gbé kalẹ̀ lọ́dún 1640 kan náà, bó bá jẹ́ práìmù, 1 ni ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn ìgbà 32. Kò jẹ́ 1. Bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò yìí kò dárúkọ 641 rárá.

Àlàfo tó wà láàárín mímọ̀ pé nọ́ńbà ṣeé pín àti mímọ ohun tó pín in ṣì wà. Nọ́ńbà Fermat tí ìgbà ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 1,048,576 ní díjíìtì 315,653. Láti ọdún 1987 ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe práìmù. Títí di òní, kò sẹ́ni tó rí ohun kan ṣoṣo tó pín in. Lórí irú ìṣòro yìí ni RSA, ọ̀nà ìdáàbòbò ìsọfúnni ọdún 1977, dúró lé. RSA-250, nọ́ńbà kan tó ní díjíìtì 250 péré, kò ṣeé tú títí di 2020, nígbà tó jẹ́ pé práìmù tí wọ́n kéde lọ́dún 2024 ní díjíìtì 41,024,320. Ìyẹn ní ìrísí tó gba ìdánwò kíákíá: 2 tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́nà 136,279,841, tí a yọ 1 kúrò nínú rẹ̀.

Ní ti ìdílé Fermat, kò tíì sẹ́ni tó rí práìmù kẹfà níbẹ̀.