Kúbùsù Tí Ejò Gbé Mì

Lọ́dún 1851, ejò boa kan ní ọgbà ẹranko Regent's Park ní London gbé kúbùsù rẹ̀ mì. Bẹ́ẹ̀ ni, kúbùsù. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí rẹ̀ kí òtútù má bàa pa á, ejò sì gbé e mì lódindi. Ó lé ní oṣù kan kó tó bì í jáde.

Tí mo bá sọ ìtàn yìí fáwọn èèyàn, ejò ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi, kúbùsù ni mo ń wò. Kúbùsù kì í dá ooru ṣe. Ooru tí ara wa ń ṣe ló ń dá dúró kó má sá lọ. Ara ejò kì í sì í sábà ṣe irú ooru bẹ́ẹ̀. Ìta ló ti ń wá a. Bí ẹ bá fi kúbùsù mẹ́wàá bo ejò nínú yàrá tútù, ejò tútù lẹ máa bá nísàlẹ̀ kúbùsù mẹ́wàá láàárọ̀. Àwọn tó tẹ́ kúbùsù yẹn kì í sì í ṣe òpè o. Ọdún 1849 ni wọ́n ṣí ilé ejò wọn, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé. Ara tiwọn ni wọ́n kàn fi wọn ara ejò. Láti ìgbà náà, nǹkan tí à ń rà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ àṣìṣe yẹn ò tíì tán.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ooru fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ fún ejò tí ara rẹ̀ tutù ní eku jẹ. Oúnjẹ náà ò ní dà. Á jókòó síkùn, á máa rà, ejò á bì í, tàbí kó kú. Ooru ni ejò fi ń jẹun, òun ló fi ń bá àìsàn jà, òun ló fi ń rìn. Ẹni tó bá ń sin ejò nílùú olótùútù, ìpinnu tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ibi tí ooru á ti máa wá.

Ẹni tó kọ́kọ́ mọ ìdáhùn ni ìyá ejò fúnra rẹ̀. Ọmọ Faransé kan tó ti rin ìrìn àjò dé Íńdíà, Lamarre-Picquot, ló sọ fáwọn ọ̀mọ̀wé Paris pé abo òjòlá máa ń ká ara yí ẹyin rẹ̀ ká, ara rẹ̀ á sì gbóná. Wọn ò gbà á gbọ́. Ejò kẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tutù! Lọ́dún 1841, òjòlá kan yé ẹyin nínú ọgbà Jardin des Plantes ní Paris, Valenciennes fi òṣùwọ̀n ooru wò ó, ó sì rí i pé ara rẹ̀ gbóná ju ibi tó wà lọ. Ní London, lọ́dún 1862, òjòlá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí náà yé ẹyin, wọ́n wọn òun àti akọ, wọ́n sì rí i pé ara abo gbóná ju ti akọ. Ó di ọdún 1966 kí wọ́n tó fi ẹ̀rí hàn ní New York pé òjòlá Íńdíà máa ń fa iṣan ara rẹ̀ pì-pì-pì títí tí yóò fi gbóná, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbọ̀n nínú òtútù.

Ti gúúsù Áfíríkà dùn mọ́ mi jù. Lọ́dún 2018, Graham Alexander gbé ìwádìí jáde lórí òjòlá ibẹ̀: ìyá á jáde kúrò nínú ihò, á lọ yáàrùn títí ara rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40°C, á wá padà wọlé lọ ká yí ẹyin rẹ̀ ká. Ó ń ru oòrùn wọlé bí ẹni ru omi. Ẹ kíyè sí i pé ó ń jáde, ó sì ń wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ìgbà tó tó.

Ohun tí àwọn olùtọ́jú ejò ò rí fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Lójú wọn, ilé ejò kò ju yàrá gbígbóná kan lọ: ẹ da èédú síná, ẹ jẹ́ kí omi gbígbóná máa gba inú páìpù kọjá, kí gbogbo ilé gbóná bákan náà. Ẹni tó da ètò yẹn rú ni Joan Procter. Àìsàn kò fi í sílẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ẹ̀ka ejò àti aláǹgbá ní London Zoo. Ilé tó yàwòrán rẹ̀ ṣí lọ́dún 1927. Iná mànàmáná ló fi sí i, ó sì ṣètò ooru kí ẹranko kọ̀ọ̀kan lè ní èyí tó bá a lára mu. Ó fi gíláàsì tó ń jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn kan tí gíláàsì lásán máa ń dí wọlé. Ẹni ọdún 34 ni nígbà tó kú lọ́dún 1931. Ilé náà dúró.

Ìyókù rẹ̀, aṣálẹ̀ California ló ti wá. Raymond Cowles, tí wọ́n bí ní Natal ní South Africa, tó ti wo bí awọ́nríwọ́n ṣe ń yé ẹyin sínú òkìtì ikán, bá Charles Bogert ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé wọn jáde lọ́dún 1944. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ẹranko aṣálẹ̀ fẹ́ràn ooru, ó parí. Àwọn méjèèjì rí i pé oòrùn aṣálẹ̀ lè pa ejò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò bá ríbi sá sí. Ẹranko náà á yáàrùn, á sá sí ibòòji, á tún jáde, títí ara rẹ̀ á fi wà ní ibi tó fẹ́. Àyè àtirìn láàárín ooru àti òtútù ló ń wá.

Ẹ máa rò pé lẹ́yìn 1944, ọ̀rọ̀ ti parí. Rárá o. Nígbà tí ejò sínsìn wọ inú ilé àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, ọjà ló gbàjọba. Òkúta iná dé: òkúta àtọwọ́dá tí wáyà ń gbóná nínú rẹ̀. Ejò á ká lé e lórí, afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ á ṣì tutù, kò ní kúrò, ikùn rẹ̀ á sì jóná. Àwọn dókítà ẹranko rí ojú egbò yẹn títí ó fi sú wọn. Ẹlòmíì lo wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé páìpù omi kó má bàa di yìnyín. Lẹ́yìn náà ni maàtì abẹ́ àpótí, lẹ́yìn náà ni gílóòbù tó ń gbóná tí kò mọ́lẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ejò tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àpótí yẹn ni òjòlá kékeré tí ayé ń pè ní ball python, torí bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, á fi orí pamọ́ sáàárín. Togo, Benin àti Ghana ló ti ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun láti ọdún pípẹ́. Àwọn ọdẹ á gbẹ́ abo tó lóyún jáde, wọ́n á pa ẹyin rẹ̀ lóko ejò, wọ́n á kó ọmọ rẹ̀ wọ bàálù. Òun kan náà ni àwọn olùsìn Dàńgbé ń bọ̀wọ̀ fún ní Ouidah, níbi tí oòrùn etíkun ti tó o.

Àwọn tó fẹ́ràn maàtì máa ń sọ pé inú ihò òkété àti òkìtì ikán ló ń gbé, torí náà abẹ́ ló yẹ kí ooru ti wá. Mi ò gbà. Ẹ wọ inú ihò lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ ibẹ̀ tutù ju òkè lọ. Ìdí tí ejò fi sá wọ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò síbi tí iná ti ń jó lábẹ́ ihò. Oòrùn ló ń mú ilẹ̀ gbóná látòkè, ilẹ̀ sì ń tọ́jú díẹ̀ di alẹ́. Ooru gílóòbù tó jọ ti oòrùn máa ń wọ ẹran ara. Ti maàtì, awọ lásán ló ń dúró lé.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí, ẹ gbé ooru sókè, ní apá kan àpótí, kí ejò má lè fara kan gílóòbù. Kí apá kan wà ní nǹkan bíi 32°C, kí èkejì má ju 26°C lọ, kí ibi ìsápamọ́ wà ní apá méjèèjì. Tó bá jẹ́ maàtì nìkan lówó yín ká, mi ò ní bá yín jà, àfi tẹ́ ẹ bá so ó láìsí tẹ́mósítáàtì, ẹ̀rọ kékeré tó ń dín iná kù tí ooru bá ti tó. Gbogbo ohun èlò tí mo dárúkọ lókè yìí ló lè jó ejò tí kò bá sí i. Ẹ so ojú rẹ̀, wáyà tó fi ń mọ ooru, mọ́lẹ̀ dáadáa. Tí ejò bá fi ara tì í bọ́ sínú abọ́ omi, òtútù omi ló máa kà, á sì máa dáná lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́.