Ọrọọrún Ọlọ́kọ̀ Ojú Omi

“Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún.” Ohun tó yẹ ká kíyè sí nínú òwe yìí ni pé babaláwo kì í dúró de àìsàn kó tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ló ń tẹ̀ lé, kì í ṣe wàhálà. Kò sẹ́ni tí òwe náà bá wí tó ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi l'Ékòó, yálà tug boat tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ Àpápá ni, tàbí ọkọ̀ ìgbafẹ́ onídísẹ́ẹ̀lì tó ní yàrá nínú. Omi tó yí Erékùṣù Èkó ká gan-an kì í rí bákan náà láti oṣù dé oṣù.

Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ máa ń ti òkun wọlé, á kọjá Marina àti Èbúté-Èrò n'Ísàlẹ̀ Èkó, á sì wọnú ọ̀sà lọ. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àtàwọn odò mìíràn á ya wọ ọ̀sà, iyọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi. Àsìkò kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀tá tirẹ̀. Lẹ́ẹ̀rùn, iyọ̀ ń jẹ irin, ìkarahun wẹ́wẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀dá kan tó rí bí ekòló sì ń gbẹ́ ihò sínú pákó. Lójò, koríko orí omi tó ti ọ̀nà Àgbádárìgì wọ Èkó ní nǹkan bí ọdún 1984 á wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà á sì dí asẹ́ omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Síńkì tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ onírin, kí iyọ̀ lè jẹ ẹ́ dípò irin, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú omi tí kò níyọ̀. Oògùn ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe oògùn òjò.

Àwọn kan á ní òjò ń báni ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, torí omi tí kò níyọ̀ ń pa ìkarahun wọ̀nyẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ òkú wọn kì í tètè já bọ́. Wọ́n ṣì ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì ń mú kó jẹ epo. Ní ti ekòló inú pákó, ṣe ló máa ń sé ẹnu ihò rẹ̀ títí iyọ̀ á fi padà. Àwọn mìíràn á ní ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, títú u ni yóò bà á jẹ́. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n Ifá dídá kọ́ ni ẹbọ rírú: babaláwo á kọ́kọ́ wò ná. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ ti gba ìdí ọkọ̀ jáde. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, okùn tí wọ́n rẹ sínú gíríìsì ni wọ́n fi há a. Bí ọ̀pá bá ń yí, omi gbọ́dọ̀ máa kán níbẹ̀ tó, tó, tó. Bó bá gbẹ, ọ̀pá á gbóná. Bó bá ń ṣàn, ewu ń bọ̀. Ojú ló ń rí i, àtẹ́lẹwọ́ ló ń mọ ìgbóná rẹ̀. Kò gba sípánà.

Àtakò tó kù ni ti owó: wọ́n á ní àtúnṣe lemọ́lemọ́ ti wọ́n jù. Ẹ wo èbúté Èkó fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, òkìtì iyanrìn ẹnu ọ̀nà Èkó ló ń lé ọkọ̀ ńlá síta, tí ọkọ̀ kéékèèké fi ń lọ kó ẹrù wọn wá. Ní 1907, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi òkúta mọ ògiri wọnú òkun. Síbẹ̀, gbígbẹ́ náà ò tíì tán, torí iyanrìn ò yé dé. Ara owó èbúté ni, bí àtúnṣe ṣe jẹ́ ara owó ọkọ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká ríra ọkọ̀ ńlá, tí kò ká gbígbé e sórí ilẹ̀ lọ́dọọdún, kékeré ló yẹ kó rà. Kó wá dá ọjọ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: asẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, ọ̀pá ní gbogbo ìrìn, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí òjò bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀, kó ha ìkarahun kúrò, kó kun ún lọ́dà tuntun, kó sì pààrọ̀ síńkì kí iyọ̀ tó padà dé.