Ẹ Bi Ìwé Ìràwọ̀ Pé: Ibo Ni Ẹni Tó Kọ Ọ́ Dúró Sí?

  

Ìbéèrè kan ló ń pọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń wọlé sọ́dọ̀ mi: ẹni tó ti ra awò awọ̀nàjíjìn kékeré, tó ti fi wo òṣùpá àti Àgùàlà títí ó fi sú u, ìwé wo ló yẹ kó rà kó lè rí àwọn nǹkan tó jìnnà jù wọ́n lọ? Ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, ìkùukùu tí ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde, àti àwọn gálásì tí kì í ṣe tiwa ni mo ń wí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, pàápàá tó bá jẹ́ òkè òkun la ti máa rà á. Torí náà, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ibi tí wọ́n ti wá. Ìtàn náà ló máa jẹ́ ká mọ èyí tó yẹ wá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Paris. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Charles Messier, iṣẹ́ tó sì yàn láàyò ni wíwá ìràwọ̀ onírù. Lọ́dún 1758, bó ṣe ń tọpa ọ̀kan, ó rí nǹkan kan tó funfun bí èéfín. Ìràwọ̀ onírù máa ń rìn láti alẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n eléyìí kò kúrò lójú kan. Messier bá kọ ibi tó wà sílẹ̀, kó má bàa tan òun tàbí ẹlòmíì jẹ mọ́. Bó ṣe ń rí irú rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àkójọ àkọ́kọ́ tó jáde lọ́dún 1774 ní nǹkan 45. Nígbà tó fi máa di 1781, ó ti di 103. Àwọn mìíràn fi kún un lẹ́yìn rẹ̀, ó wá di 110 tí àwọn áàpù ìràwọ̀ ń lò lónìí: M1, M31, M42 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wò ó dáadáa. Ìwé tí gbogbo ayé fi ń wá ohun ẹlẹ́wà lójú ọ̀run, àkójọ ohun tí ẹnì kan kò fẹ́ kó dí òun lọ́wọ́ ni. Ohun tí ojú kò sì lè rí láti Paris, kò sí nínú rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé apá gúúsù ṣófo. Ọmọ Faransé mìíràn, Nicolas-Louis de Lacaille, ti wọkọ̀ ojú omi lọ sí Cape Town. Ó wà níbẹ̀ láti 1751 sí 1753, ó sì tẹ àkójọ nǹkan 42 jáde lọ́dún 1755. Ọ̀kan nínú wọn ni Omega Centauri, ìṣùpọ̀ kan tó ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ìràwọ̀. Kò ní nọ́ńbà M kankan, torí kì í yọ lójú ọ̀run Paris rárá.

Àwa ńkọ́? Paris fi nǹkan bíi dígírì 49 jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Èkó kò ju 6 àbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí apá ojú ọ̀run tí kì í yọ sí wa láàárín ọdún. Nínú oṣù Karùn-ún, ní nǹkan bí aago 10 alẹ́, Omega Centauri máa ń ga tó dígírì 36 ní apá gúúsù, tí òjò bá gbà wá láyè. Ẹni tó bá mú àkójọ Messier nìkan lọ́wọ́ ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ojú ará Paris ló fi ń wo sánmà tirẹ̀.

Ìbéèrè kejì tó yẹ ká bi ìwé ni pé: irú awò wo ni wọ́n fi wo ohun tó ń sọ? Àlùfáà kan ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas William Webb, mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Lọ́dún 1859, ó tẹ Celestial Objects for Common Telescopes jáde fún ẹni tí apá rẹ̀ ò ká awò ńlá. Òun fúnra rẹ̀ lo awò tí ojú rẹ̀ kò tó íǹṣì 4. Ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wúlò. Fọ́tò aláwọ̀ mèremère tó kún inú ìwé òde òní, kámẹ́rà ló fi ọ̀pọ̀ wákàtí gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ. Ojú ẹ̀dá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa rí jọ èémí lára dígí. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá sọ èyí fún á rò pé awò òun ti bàjẹ́, á sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ìwé kan wà tó gbìyànjú láti kó gbogbo ojú ọ̀run jọ, àríwá àti gúúsù. Robert Burnham Jr. ló kọ ọ́. Kò lọ sí yunifásítì, síbẹ̀ Lowell Observatory ní Arizona gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1958. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ tẹ Burnham's Celestial Handbook jáde lọ́dún 1966, kí ilé ìtẹ̀wé Dover tó sọ ọ́ di ìdìpọ̀ mẹ́ta tó lé ní ojú ewé 2,000. Lọ́dún 1979, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún parí, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kú nínú ìṣẹ́ ní San Diego lọ́dún 1993, lẹ́yìn tó ti ń ta àwòrán nínú ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀pọ̀ tó ní ìwé rẹ̀ nílé kò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ rà á fún ìtàn inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún 1950 ni ibi tó tọ́ka sí; ayé ń mì bí òkòtó, wọ́n ti yẹ̀ díẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Turn Left at Orion ni mo máa ń dárúkọ. Guy Consolmagno, tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Kẹ́ńyà, àti Dan Davis ló kọ ọ́ lọ́dún 1989. Wọ́n ya nǹkan bó ṣe rí gan-an nínú awò kékeré. Ẹ̀dà kẹrin tó jáde lọ́dún 2011 sọ̀rọ̀ apá gúúsù dáadáa, ẹ̀dà yẹn tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni kẹ́ ẹ wá.

Tó bá sì jẹ́ ìwé mìíràn ni wọ́n gbé síwájú yín, ẹ kọ́kọ́ wá Omega Centauri nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò rò tiwa mọ́ ọn. Ẹ fi owó yín sápò.

Ó dìgbà kan ná.