Káàdì Inú Dikódà: Láti Orí Captain Midnight Dé Orí Fóònù Yín

Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń lo DStv mọ E16 bí ẹní mowó. Bọ́ọ̀lù fẹ́ bẹ̀rẹ̀, owó oṣù ti tán, tẹlifíṣọ̀n ṣú dùdù, E16 yọjú. Ẹ sanwó tán, wọ́n tún ní kẹ́ ẹ fi dikódà sílẹ̀ ní títàn, kẹ́ ẹ má pa á. Kí ló ń dúró dè? Ìtàn tó dáhùn ìbéèrè yẹn la gbé wá lónìí, Amẹ́ríkà la sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ HBO ń fi fíìmù ránṣẹ́ láti orí sátẹ́láìtì sí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fa wáyà tẹlifíṣọ̀n wọ ilé oníbàárà. Àmọ́ ohun tó bá ti ojú ọ̀run wá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò kì í bẹ́nì kan ṣọ̀tá. Ẹni tó bá ti ri díìṣì ńlá mọ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ń wo HBO lọ́fẹ̀ẹ́. Òwò díìṣì wá búrẹ́kẹ́.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1986, HBO tilẹ̀kùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ VideoCipher II da àwòrán wọn rú pátápátá. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ wò ó á ra dikódà ní dọ́là 395, á tún máa san dọ́là 12.95 lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ yìí ká John MacDougall lára. Díìṣì ló ń tà ní ìlú Ocala ní Florida, ọjà sì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá wáṣẹ́ kún un: iṣẹ́ alẹ́ ní ibùdó kan tí wọ́n ti ń fi fíìmù ránṣẹ́ sórí sátẹ́láìtì. Lóru ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, nígbà tó ku òun nìkan, ó yí díìṣì ibi iṣẹ́ sí sátẹ́láìtì tí HBO ń lò, ó sì fi agbára iná bo tiwọn mọ́lẹ̀. Fún ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ààbọ̀, fíìmù dáwọ́ dúró lójú àwọn oníbàárà HBO. Ohun tí wọ́n rí ni ìkíni látọ̀dọ̀ ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Captain Midnight, tó ní òun ò san dọ́là 12.95, tó sì kìlọ̀ fún Showtime àti Movie Channel pé kí wọ́n ṣọ́ra.

Ìjọba wá a títí. Ibùdó tó ní díìṣì tó lágbára tó bẹ́ẹ̀ ò pọ̀, irú ẹ̀rọ tó kọ lẹ́tà ojú tẹlifíṣọ̀n yẹn náà ò sì pọ̀. Wọ́n mú un, ó san owó ìtanràn dọ́là 5,000, wọ́n sì fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún kan. HBO ò ṣílẹ̀kùn. Òfin tuntun ló tún jáde lọ́dún yẹn kan náà, tó sọ dídí sátẹ́láìtì lọ́wọ́ di ọ̀ràn ńlá.

Ọdún 1986 yẹn náà ni M-Net bẹ̀rẹ̀ ní South Africa pẹ̀lú dikódà tiwọn. Inú M-Net ni MultiChoice ti jáde, MultiChoice ló sì gbé DStv wá bá wa. Torí náà, àgbà ni E16 yẹn o.

Ẹ jẹ́ ká wá wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà àṣírí kan ni wọ́n fi ń da àwòrán rú, nọ́ńbà náà sì ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Òun àti àwòrán ló jọ ń bọ̀, ṣùgbọ́n títì ni wọ́n tì í. Káàdì inú dikódà ló lè ṣí i. Iṣẹ́ kejì tún ń bọ̀ láti òkè, tó ń pe káàdì kọ̀ọ̀kan: ìwọ ti sanwó, ṣí i, ìwọ, owó ẹ ti tán, dákẹ́. Dikódà àtijọ́ ò lè jẹ́ “mo gbọ́”, torí náà ilé-iṣẹ́ á kàn máa pè é léraléra ni. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, ìpè á kọjá. Ohun tó ń dúró dè nìyẹn.

Àléébù ibẹ̀ ni pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń tilẹ̀kùn mọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń tún káàdì DirecTV ṣe, wọ́n ń tà á, àwọn tó rà á ò san owó oṣù mọ́. DirecTV ò pariwo. Ṣe ni wọ́n ń fi ègé ètò kéékèèké ránṣẹ́ sínú káàdì láti ojú ọ̀run, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, èyí tí ò nítumọ̀ tó bá dá wà. Àwọn ọ̀jáfáfá rí i, wọn ò kà á sí. Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 21 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, nígbà tí Super Bowl ku ọ̀sẹ̀ kan, ègé tó kẹ́yìn dé. Gbogbo rẹ̀ so pọ̀, káàdì tí wọ́n ti tún ṣe sì kú fin-ín fin-ín. Àwọn tó tú u wò bá ọ̀rọ̀ kan níbi tí kò ṣeé pa rẹ́ nínú rẹ̀: GAME OVER.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un rò: ẹnì kan jókòó sọ́nà jíjìn, ó pa ohun tó wà nínú ilé onílé. Agbára yẹn kan náà ló wà lórí ẹni tó ń sanwó rẹ̀ déédéé.

Lónìí, káàdì yẹn ti wọ inú fóònù. Widevine ló ń jẹ́ lórí Android, Google ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní ọdún 2010. Òun ló ń jẹ́ kí screenshot Netflix yín jáde ní dúdú, òun náà ló wà nídìí fíìmù tẹ́ ẹ fi dátà yín gbé sórí fóònù tó wá ní àkókò òun ti tán. Fóònù tó fi kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ sínú chip, L1 ni wọ́n ń pè é. Èyí tí ò ṣe bẹ́ẹ̀, L3 ni. Lórí L3, Netflix ò ní fún yín ní HD, kódà kí ojú fóònù yín mọ́ bíi dígí, kẹ́ ẹ sì ti san gbogbo owó. Ọ̀pọ̀ tó ń ta fóònù ò ní sọ ọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ tiyín, app kan wà lórí Play Store tó ń jẹ́ DRM Info, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Security Level” sí.