Yìnyín Kò Gbàgbé

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí bí àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé ti ń ṣe ìṣirò àwìn. Bí ẹnìkan bá jẹ ẹ̀kọ tí kò sanwó, ìyá ẹlẹ́kọ a mú èédú, a fa ìlà kan sí ara ògiri. Bí ó bá tún jẹ, a tún fa òmíràn. Nígbà tí onígbèsè bá ń jiyàn pé òun kò jẹ tó bẹ́ẹ̀, ìyá kò ní bá a jà. Yóò kàn nawọ́ sí ògiri ni. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ṣùgbọ́n èédú kọ́ ni a fi kọ èyí, ènìyàn kọ́ ni ó sì ń kọ ọ́. Òjò ni ó ń kọ ọ́, ní ilẹ̀ kan tí ó jìnnà sí wa púpọ̀, ìwà gbogbo ayé ni ó sì ń kọ sílẹ̀.

Orúkọ ilẹ̀ náà ni Gríńláǹdì. Erékùṣù ni, ó wà lókè pátápátá nínú àwòrán ayé, níhà àríwá, kò sì sí erékùṣù mìíràn tí ó tóbi tó o. Òtútù ibẹ̀ kọjá ohun tí a lè fi ọyẹ́ wé. Òjò tí ń rọ̀ láàárín ilẹ̀ náà kì í ṣe omi. Òjò dídì ni, funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Àwa náà mọ yìnyín, nítorí ó máa ń bá òjò wa wá nígbà mìíràn, tí àwọn ọmọdé a máa sáré ṣà á. Ṣùgbọ́n kí wọn tó kó o délé, ó ti yọ́. Ti àárín Gríńláǹdì ṣọ̀wọ́n kí ó tó yọ́. Ti ọdún yìí a bọ́ sórí ti èṣí, ti ọdún tí ń bọ̀ a sì bo ti ọdún yìí. Bí èyí tí ó wà lókè ti ń wúwo sí i ni ti ìsàlẹ̀ ń fún pọ̀, títí yóò fi di yìnyín líle bí òkúta. Báyìí ni ó ti ń rí láti ọjọ́ pípẹ́, tí yìnyín náà fi nípọn ju 3,000 mítà lọ láàárín gbùngbùn ilẹ̀ náà.

Ẹni tí ó bá ti gbẹ́ àkìtàn àtijọ́ rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Agolo àná ni ó wà lókè. Àpáàdì ìkòkò ìyá àgbà ni ó wà nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yìnyín rí. Ohunkóhun tí ó bá wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún tí òjò dídì kan rọ̀, ìbáà ṣe eruku, ìbáà ṣe èéfín, ìbáà ṣe eérú òkè tí ń yọ iná, a bá òjò náà wálẹ̀, a sì di sísin síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ yìí ni ọmọ Jámánì kan, Ernst Sorge. Ní 1930, Alfred Wegener kó àwọn onímọ̀ lọ sí Gríńláǹdì, ó sì fi díẹ̀ nínú wọn sí àárín yìnyín, níbi tí wọ́n pè ní Eismitte, nǹkan bí 400 kìlómítà sí etí òkun. Ilé tí wọn ìbá gbé kò dé, nítorí náà wọ́n gbẹ́ ihò sínú yìnyín, wọ́n sì ń gbé inú rẹ̀ bí òkété. Wegener tiraka dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìparí oṣù kẹwàá. Òtútù ti pa ọmọ ìka ẹsẹ̀ Fritz Loewe tí ó bá a wá, débi pé ọ̀bẹ kékeré ni wọ́n fi gé e kúrò níhìn-ín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí Wegener pé ọmọ 50 ọdún, òun àti ọmọ Gríńláǹdì kan, Rasmus Villumsen, yí padà sí etí òkun. Wọn kò délé. Ní oṣù karùn-ún 1931 ni a tó rí òkú Wegener. A kò rí ti Villumsen títí di òní.

Àwọn tí ó kù nínú ihò kò mọ̀ pé ọ̀gá wọn ti kú. Ní gbogbo ìgbà òtútù náà, Sorge ń fi ọwọ́ gbẹ́ kòtò lọ sísàlẹ̀ títí ó fi jìn tó 15 mítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 50 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń wọn yìnyín náà wò, ó sì rí i pé ti ìgbà ooru yàtọ̀ sí ti ìgbà òtútù: ọ̀kan fúyẹ́, ó rí hóró-hóró, èkejì kúnná, ó sì le. Ẹni tí ó bá lè ka ìpele wọ̀nyí ti lè ka ọdún.

Ṣùgbọ́n iye ọdún nìkan kò tó. Báwo ni a ó ti mọ bí ọdún kọ̀ọ̀kan ti tutù tó? Ọmọ Dẹ́ńmáàkì kan, Willi Dansgaard, ni ó rí ìdí èyí, ìgò bíà kan ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 1952, òjò ńlá rọ̀ ní ìlú Copenhagen. Dansgaard gbé ìgò òfìfo síta nínú ọgbà rẹ̀, ó ki àrọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó gbe òjò, ó sì lọ wọn omi náà. Nínú omi ni ohun kan tí à ń pè ní ọ́síjìn wà, ó sì ní èyí tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́. Bí ìkúùkù ti ń lọ síbi tí ó tutù, èyí tí ó wúwo ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, bí alárù tí ó ti rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi dé ilẹ̀ òtútù, èyí tí ó wúwo ti dínkù. Nítorí náà, bí èyí tí ó wúwo bá ti kéré tó nínú yìnyín ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni ọdún náà ti tutù tó.

Ta ni yóò wá gbẹ́ yìnyín náà dé ìsàlẹ̀? Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni ó ṣí ọ̀nà. Ní 1959 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àgọ́ kan sínú yìnyín, wọ́n pè é ní Camp Century. Ọ̀rọ̀ ogun ni ó gbé wọn débẹ̀, nítorí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń ṣọ́ ara wọn nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bá wọn lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó dàbí ti àwọn tí ń lu kànga. Wọ́n ń fa yìnyín jáde ní ọ̀pá-ọ̀pá, gígùn, róbótó. Ní oṣù keje 1966 ni ẹ̀rọ náà kan ilẹ̀, lẹ́yìn tí ó ti lọ sísàlẹ̀ tó 1,387 mítà. Dansgaard gbà nínú rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka ìtàn òtútù àti ooru nǹkan bí 100,000 ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ojú ewé tí ó kan ìwà ènìyàn. Gbogbo wa ni a mọ òjé, irin wúwo tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n kí ó lè rì. Májèlé ni òjé bí ó bá wọ inú ara, àwọn ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́ jù, nítorí ọpọlọ wọn ni ó ń bá jà. Síbẹ̀, ní 1921, Thomas Midgley ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá da oògùn kan tí ó ní òjé nínú sínú epo bẹntiróòlù, ẹ̀rọ ọkọ̀ kò ní máa kan gbà-gbà mọ́. Ní 1923 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Ní 1924 orí dàrú fún àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe oògùn náà, wọ́n sì kú; síbẹ̀ òwò kò dúró. Òjé ń bá èéfín ọkọ̀ jáde ní gbogbo ìlú ńlá ayé, àti tiwa pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, àwọn tí ń tà á a ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé òjé ti wà nínú ayé láti ìṣẹ̀dálẹ̀.

Clair Patterson, onímọ̀ kan ní Pasadena ní Amẹ́ríkà, kò gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni ó fi òjé inú òkúta ṣírò ọjọ́ orí ayé ní 1956, tí ó ní ó tó 4,550,000,000 ọdún. Nínú iṣẹ́ náà ni ó ti rí i pé òjé ti kún ohun gbogbo tí òun fọwọ́ kàn. Ní 1965 ó kọ̀wé pé ọwọ́ ènìyàn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Inú àwọn onílé-iṣẹ́ kò dùn, owó ìwádìí tí ó ń rí gbà lọ́dọ̀ àwọn elépo sì dáwọ́ dúró. Iyàn lásán kò lè parí ọ̀rọ̀ yìí. Ògiri ni ó kù tí ó lè nawọ́ sí.

Ó lọ sí Gríńláǹdì. Òun àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ wọ aṣọ ọ̀rá, wọ́n fi ásíìdì fọ ohun èlò wọn, nítorí òjé inú èéfín díẹ̀ tó láti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Ní 1969 òun, Murozumi àti Chow tẹ èsì rẹ̀ jáde. Òjé inú òjò dídì 1965 ju ti nǹkan bí 2,800 ọdún sẹ́yìn lọ ní ìlọ́po 200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gòkè nígbà tí iṣẹ́ ẹ̀rọ gbilẹ̀ ní Yúróòpù. Lẹ́yìn 1940, nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ sí i, ó fò sókè. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń ka ìtàn Róòmù. Ní 1994, àwọn onímọ̀ tí Patterson wà nínú wọn fi hàn pé yìnyín tí ó rọ̀ láti nǹkan bí 500 ọdún ṣáájú ìbí Krístì títí di 300 ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ní òjé tó ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ta ni ó ni òjé yẹn? Àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù ni, tí wọ́n ń yọ́ òkúta nínú ìléru kí wọn lè rí fàdákà. Nígbà tí ìjọba Róòmù wó, òjé náà dínkù. Àwọn ọba rẹ̀ ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n èéfín ìléru wọn ṣì wà nínú ìwé.

Yìnyín nìkan kọ́ ni ó gbèjà àwọn ọmọdé o. Àwọn dókítà tí wọ́n yẹ eyín àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò náà sọ tiwọn. Láti àárín 1970 sí 1980 ni Amẹ́ríkà ti ń dín òjé inú epo kù, ní 1996 wọ́n sì fi òfin dè é pátápátá fún ọkọ̀ ojú títì. Kí ni ògiri wí sí i? Ní 1991 a tún yẹ Gríńláǹdì wò. Bí òjé inú òjò dídì bá jẹ́ ìwọ̀n méje ààbọ̀ ní ìparí 1960 sí 1970, ó ti lọ sílẹ̀ di ìwọ̀n kan. Ìwé tí ó kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ kọ ìrònúpìwàdà náà sílẹ̀ pẹ̀lú. Ó pẹ́ kí ó tó kàn wá: ní 2001 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà fohùn ṣọ̀kan ní Dakar, ní 2006 ni wọ́n sì fòpin sí i. Ilẹ̀ Àlùjíríà, tí ó kẹ́yìn ní gbogbo ayé, dáwọ́ dúró ní 2021.

Àkọsílẹ̀ mìíràn kù tí a kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Ilẹ̀ yìnyín kan wà nísàlẹ̀ ayé pẹ̀lú, tí a ń pè ní Àńtákítíkà. Níbẹ̀, ní 1965, Claude Lorius, ọmọ Faransé, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ju èérún yìnyín àtijọ́ sínú ọtí wisikí lálẹ́ ọjọ́ kan. Bí yìnyín náà ti ń yọ́ ni afẹ́fẹ́ ń hó jáde nínú rẹ̀. Ó yé Lorius pé afẹ́fẹ́ ayé àtijọ́ ni ó há síbẹ̀. Láti ìgbà náà a ti ka afẹ́fẹ́ 800,000 ọdún. Nínú ìwọ̀n 1,000,000 afẹ́fẹ́, èéfín kan tí ojú kò rí, kábọ́ọ̀nù dàyọ́ksáìdì, èyí tí ń mú ayé gbóná, kò ju nǹkan bí 300 lọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Lónìí ó ti ju 420 lọ, nítorí èédú, epo àti igi tí à ń sun.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2021, ohun tí a kò kọ sílẹ̀ rí ṣẹlẹ̀ ní Summit, níbi gíga àárín Gríńláǹdì: òjò omi rọ̀, kì í ṣe òjò dídì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ògiri alámọ̀ mọ ohun tí òjò ń ṣe sí ìlà èédú. Omi tí ń yọ́ lọ́hùn-ún sì ń wọ inú òkun kan náà tí ń bì lu etíkun Èkó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ òjé dé, a nawọ́ sí ògiri, a gbà pé a jẹ gbèsè, a sì bẹ̀rẹ̀ sí san án. Ìlà tuntun ti wà lára ògiri báyìí. Kí a kà á kí òjò tó fọ̀ ọ́ dànù.