Ẹni Tó Bá Dákẹ́: Àdúrà Pàtó Kí Ìsọjí Tó Dé

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Níbi tí ẹbí bá ti ń pín ogún ni òwe yìí ti máa ń jáde jù. Àgbà á wo ọmọ tí wọ́n rẹ́ jẹ tó sì káwọ́ sẹ́yìn, á ní kó la ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ pé oríṣi méjì. Ẹnìkan á panu mọ́. Ẹlòmíràn á pariwo látàárọ̀ dalẹ́, kò sì ní sọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tó wá síwájú mọ̀lẹ́bí tó ń ké pé “ẹ gbà mí, ẹ ṣàánú mi,” tí kò dárúkọ ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì sọ ẹni tó gbà á, tara rẹ̀ ti bá a dákẹ́ náà nìyẹn, bí ohùn rẹ̀ tilẹ̀ ti há.

Ìdákẹ́ aláriwo yìí ló máa ń wọ inú àdúrà tí a fi ń palẹ̀ ìsọjí mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa.

Ẹnìkan lè gbé òwe mìíràn kò wá lójú: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Bí èèyàn bá lè fi àbọ̀ mọ odindi, mélòómélòó ni Arínúróde, Olùmọ̀ràn-ọkàn? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọlọ́run kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúró dè wá kó tó mọ ohun tí a nílò. Síbẹ̀, nígbà tí Bátíméù ń ké fún àánú lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò, tí gbogbo èrò rí i pé afọ́jú ni, Jésù ṣì bi í ní ohun tó ń fẹ́. Alágbe ni ọkùnrin náà. Ó lè tọrọ owó, ó lè tọrọ aṣọ. Ojú ló tọrọ. Ẹni tó bá sì tọrọ ojú ti gbà láti fi iṣẹ́ agbe sílẹ̀ nìyẹn. Àǹfààní àdúrà pàtó fún ẹni tó ń gbà á kò ju èyí lọ: á yan ohun tó fẹ́, á sì mọ̀ pé ohun tí òun tọrọ yóò ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú.

Nehemáyà mọ èyí dájú. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló fi ń gbààwẹ̀, tó ń gbàdúrà lórí odi Jerúsálẹ́mù tó wó. Nígbà tí ọba Páṣíà wá bi í léèrè ohun tó ń fẹ́, kò ta kókó lẹ́nu. Ó dá ọjọ́ tí yóò padà, ó bèèrè ìwé àṣẹ sí àwọn gómìnà òdìkejì odò, ó sì bèèrè ìwé sí Ásáfù tó ń ṣọ́ igbó ọba, kó lè rí igi fi ṣe ẹnubodè. Ẹni tó ti gbàdúrà dé orí igi ẹnubodè kì í wá ọ̀rọ̀ tì níwájú ọba.

Ìtàn ìsọjí nílẹ̀ Yorùbá pàápàá jẹ́rìí sí i. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn influenza ń pa èèyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ St Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí J. B. Ṣàdáre wà lára aṣáájú wọn, kóra jọ fún àdúrà. Àrùn ló wà níwájú wọn, ìwòsàn ni wọ́n sì ń bèèrè. Láti inú ẹgbẹ́ kékeré yẹn ni gbòǹgbò ìjọ tí a wá mọ̀ sí Christ Apostolic Church ti yọ. Ní Oṣù Kẹwàá 1928, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Òdò-Ọwá, ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ní agbègbè Ìkéjì-Arákejì ni ẹ̀rọ náà dúró gbọin, ibẹ̀ náà ló sì ti gbọ́ ìpè. Nígbà tí ìsọjí Òkè-Ooye bẹ́ sílẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀ ní Iléṣà ní Oṣù Keje 1930, aláìsàn wá, àgàn wá, afọ́jú wá. Olúkúlùkù ló mọ ohun tó gbé e wá.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó kì í ṣe àjòjì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Mósè Orímọládé tó dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó ní 1925. Ìlú Oǹdó gan-an ni wọ́n bí Josiah Akíndayọ̀mi sí ní 1909, ẹni tó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní 1952. Ilẹ̀ tó bí irú àwọn wọ̀nyí kò yẹ kó máa fi àdúrà aláìlórí-aláìnídìí pe ìsọjí.

Ẹ wá wo ìpàdé àdúrà alẹ́ Ọjọ́rú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òkè-Àró tàbí Ìjọ̀mù l'Ákùúrẹ́, nígbà tí ìsọjí bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olùdarí á ní, “Ẹ gbóhùn sókè, ẹ ní Olúwa, bùkún ìsọjí yìí!” Ariwo á sọ, àtẹ́wọ́ á dún, òógùn á bò wọ́n. Bí a bá wá fa arákùnrin tí ohùn rẹ̀ ròkè jù sẹ́yìn, tí a bi í pé kí ni yóò fi mọ̀ pé Ọlọ́run ti bùkún ìsọjí náà, ojú lásán ni yóò máa fi wò wá. Kò sí ìsọjí tí wọn kì í sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó bùkún.

Ìjọ tó bá fẹ́ gbàdúrà pàtó á kọ́kọ́ mọ ìlú tó wà. Bí ìsọjí bá bọ́ sí àsìkò ìkórè kòkó, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìlú Oǹdó ló wà ní aba. Ẹni tó bá gbàdúrà fún wọn lórúkọ, aba kan lẹ́yìn òmíràn, ni yóò rántí wá mọ́tò tí yóò lọ kó wọn wá. Ẹni tó bá gbàdúrà fún ìyá tó ń ta ata l'Ọ́jà Ọba ni yóò mọ̀ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní ti ààbò, láti 5 Oṣù Kẹfà 2022 tí àwọn agbébọn ti pa olùjọsìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀, “Olúwa, ṣọ́ wa” nìkan kò tó mọ́: à ń tọrọ ojú tó ń ríran fún àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, a sì ń yàn wọ́n síbẹ̀. Bákan náà ni ti àwọn tí yóò ronú pìwà dà: ta ni yóò bẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ kejì, ta ni yóò sì kọ́ wọn?

Àdúrà pàtó ní ààlà tirẹ̀. Ní 1932, wọ́n fi Babalọlá fúnra rẹ̀ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. Kí a dárúkọ àìní wa yàtọ̀ sí kí a dárúkọ ìyá àgbà àdúgbò bí àjẹ́. Ìjọ tó bá kọ orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀ bí ọ̀tá ti fi àdúrà sílẹ̀, ẹ̀sùn ló ń kà. Bákan náà, àdúrà pàtó kì í ṣe àṣẹ tí a ń pa fún Ọlọ́run. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pọ́ọ̀lù tọrọ kí ẹ̀gún ara rẹ̀ kúrò. Kò kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa fi dá a lóhùn. Nítorí pé ó mọ ohun tó tọrọ, ó mọ̀ nígbà tí ìdáhùn mìíràn dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìsọjí, kí ẹ tó lọ tẹ pósítà, ẹ jókòó kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sílẹ̀, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ìjọ sì mọ̀ ọ́n. Bí ìsọjí bá parí, ẹ ṣí ìwé náà níwájú gbogbo ìjọ, kí ẹ ka èyí tó ti gbà àti èyí tí kò tíì gbà. Àdúrà tí a kò bá lè ka ìdáhùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé a kò tíì bèèrè ohunkóhun.